Ilà Ojú Ìbọn Oníke

Bí ẹni tó ra ìbọn ìléwọ́ oníke tuntun bá yọ ọ́ nínú páálí, tó fi àtàǹpàkò tọ abẹ́ òrùka tó yí ìfàbọn ká, yóò kan ohun kan tó yọ sókè fínnífínní bí òwú ìránṣọ. Ìlà náà yóò gba iwájú ibi ìdìmú sọ̀ kalẹ̀, yóò sì tún yọjú lẹ́yìn. Bó bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná, yóò rí i pé àlàfo tó wà láàárín irin òkè àti ike ìsàlẹ̀ kò dọ́gba: ó fẹ̀ díẹ̀ níwájú, ó há lẹ́yìn. Bó bá sì tú irin òkè yẹn, yóò bá ipa ẹ̀rọ tó gé e nínú, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí eyín ìyàrun. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti gba aráàlú láyè láti ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀sùn kan náà ni àwọn olùrà ń kà látìgbà tí ìbọn oníke ti dé: owó gidi la san, kí ló dé tí iṣẹ́ ò parí? Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe ẹ̀sùn òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìtàn, ìtàn náà ni kò sì jẹ́ kí n gbà pé ohun tí wọ́n rí ni ohun tí wọ́n rò pé àwọn rí. Ojú tí wọ́n fi ń wo ike yìí, irin ló kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ títí ẹ̀kọ́ náà fi mọ́ ọn lára, débi pé nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ ti kúrò lórí tábìlì adánrin tó ti bọ́ sínú móòdù tí a fi ń da ike, ojú náà ṣì ń wá a lọ síbi tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí irin kọ́ ọ. Àwọ̀ dúdú bí aró tó wà lára ìbọn àtijọ́ kì í ṣe ọ̀dà. Ìpẹtà ni, ìpẹtà tí wọ́n tọ́ sọ́nà. Wọn a fi oògùn olómi pa irin náà, wọn a gbé e sínú ọ̀rinrin kó dípẹtà díẹ̀, wọn a sè é nínú omi híhó kí pípọ́n ìpẹtà lè di dúdú, wọn a fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà rọra gbọn èyí tí kò lẹ̀ dáadáa kúrò, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Bí aláró ṣe ń ti aṣọ bọ ìkòkò léraléra náà ni, tí àwọ̀ ń jinlẹ̀ sí i nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá jáde. Nígbà tó yá, wọ́n rí ọ̀nà tó yá jù: wọ́n ń ki irin bọ iyọ̀ àti oògùn tó ń hó, aró náà sì ń mú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ń fi sílẹ̀, awọ dúdú tó tín-ín-rín lórí irin, tí kò lè bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ibi tí fáìlì ti họ irin, tí adánrin ò sì pa á rẹ́ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ hàn lẹ́yìn tí aró bá mú. Nítorí náà, ìbọn tó dán gbinrin láìní ojú ìhọ kan jẹ́ ẹ̀rí pé ọwọ́ ènìyàn ti dé gbogbo ara rẹ̀, igun rẹ̀ àti kọ̀rọ̀ rẹ̀, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ayé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fi ojú ìta ìbọn mọ irú oníṣẹ́ tó ṣe é kò ṣì í mọ̀.

Bíbára mu àwọn ẹ̀yà náà, iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni. Ẹ gbé Luger P08 yẹ̀ wò, ìbọn ìléwọ́ tí àwọn ọmọ ogun Jámánì lò nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Lára èyí tí wọ́n ṣe fún ológun, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà ìbọn náà ni wọ́n tẹ̀ sára àwọn ẹ̀yà kéékèèké, títí dé orí èyí tí kò tó èékánná. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ rọrùn láti mọ̀. Oníṣẹ́ ti fi fáìlì họ ẹ̀yà wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi wọ ara wọn, bí wọ́n bá sì bọ́ sínú ìbọn mìíràn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má wọ̀ ọ́. Nọ́ńbà náà ń sọ ilé tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti wá. Títí dòní ni àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ ń san owó gọbọi lórí Luger tí nọ́ńbà rẹ̀ pé, torí wọ́n mọ̀ pé ohun tí àwọn ń rà ni wákàtí tí oníṣẹ́ kan lò lórí ìbọn kan ṣoṣo.

Ní Amẹ́ríkà, ohun tí àwọn àgbà olólùfẹ́ ìbọn máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n ni Colt Python, ìbọn oníyípo tí iléeṣẹ́ Colt ní Hartford gbé jáde lọ́dún 1955. Aró rẹ̀, tí wọ́n sọ lórúkọ aró ọba, jinlẹ̀ débi pé ènìyàn lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é ò ní àṣírí kankan: adánrin tó mọṣẹ́ á gbé irin náà sára àgbá tó ń yí, á máa fi ìyẹ̀fun tó kúnná sí i rọ́pò èyí tó kúnná, á sì máa ṣọ́ra kí igun má baà di róbótó. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ jù níbi kan yóò ba ojú irin náà jẹ́, kò sì sí bí yóò ṣe dá a padà. Owó iṣẹ́ ń gòkè, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń darúgbó, Python sì kúrò lọ́jà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Nígbà tí Colt dá a padà lọ́dún 2020, irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé dídán ní iye owó tirẹ̀, ẹnìkan ló sì máa ń san án, yálà olùrà tàbí ilé iṣẹ́ tàbí oníṣẹ́ tó ń fa eruku irin símú.

Ẹni tó bá ní dídán ni àmì agbára ní ìbéèrè kan láti dáhùn. Kí ló dé tí àwọn oníbọn fúnra wọn ò gbà á gbọ́? Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ àwọn oníbọn ti ń dán ọ̀pá ìbọn wò láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní Birmingham, òfin ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ lọ́dún 1813. Iṣẹ́ ilé náà ni pé kí wọ́n ki ẹ̀tù tó ju bó ṣe yẹ sínú ọ̀pá, kí wọ́n yìn ín, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó bẹ́. Èyí tí kò bá bẹ́ ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ fún. Birmingham yìí kan náà ló ń ṣe ìbọn tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ń kó wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n fi ń ra ènìyàn, tí irú wọn sì di ṣakabùlà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ àti jagunjagun ilẹ̀ Yorùbá. Nínú àwọn ìbọn tí wọ́n ṣe fún ọjà yẹn, àwọn kan wà tí wọ́n kun igi wọn ní ọ̀dà pupa, torí pé bẹ́ẹ̀ ni olùrà ṣe fẹ́ ẹ. Ọ̀dà pupa ò sọ ohunkóhun nípa ọ̀pá tó wà lórí igi náà. Òǹtẹ̀ ló ń sọ ọ́. Nítorí náà, ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn tó mọ ìbọn jù lọ ti ya ẹwà sọ́tọ̀ kúrò lára agbára, tí wọ́n sì fi òfin dì í. Àwa olùrà ni a tún so wọ́n pọ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì ló wá fi hàn bí ìbọn ṣe rí tí wọ́n bá yọ ẹwà kúrò nínú rẹ̀. Lọ́dún 1938, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì gba ìbọn ìléwọ́ tuntun láti rọ́pò Luger, ìyẹn P38 tí iléeṣẹ́ Walther ṣe. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde dán. Bí ogun ṣe ń le sí i, tí iléeṣẹ́ Mauser àti Spreewerk náà ti ń ṣe é, wákàtí tí wọ́n ń lò lórí ojú irin ń dín kù. Nígbà tó fi máa di ọdún 1944, P38 tó ń jáde, pàápàá èyí tí Spreewerk ṣe, kún fún ipa ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ kàn: ojú irin rí gbágungbàgun bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lébè. Síbẹ̀ wọ́n ń yìn wọ́n, wọ́n sì ń fi wọ́n jà. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà pa dídán tì. Ìbọn ìléwọ́ M1911A1 tí wọ́n ṣe nígbà ogun ni wọ́n fi oògùn fọ́sífeétì pa, tó jẹ́ kí irin di aláwọ̀ eérú, tí kò dán rárá, ṣùgbọ́n tó ń di epo mú tí kò sì tètè dípẹtà. Orí ohun tí ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Watts Coslett, gba ìwé àṣẹ lé lọ́dún 1906 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà dìde. Nígbà tí ogun parí, aráàlú Amẹ́ríkà pa dà sí aró tó dán. Wọ́n ka àwọ̀ eérú sí aṣọ ogun, ohun tí wọ́n ń fara mọ́ torí kò sí ọ̀nà mìíràn.

Ike kò kọ́kọ́ dé bí ike. Lọ́dún 1959, Remington, tí DuPont aṣe-náílọ́ọ̀nù ni lówó, gbé ìbọn gígùn kan jáde tí wọ́n pè ní Nylon 66. Gbogbo ibi tó yẹ kó jẹ́ igi lára rẹ̀, náílọ́ọ̀nù ni. Apá méjì ni wọ́n dà, tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́: wọ́n po àwọ̀ ilẹ̀ mọ́ ọn kó lè jọ igi, wọ́n tẹ ìlà wínníwínní sí ibi tí ọwọ́ ń dì mú bí èyí tí agbẹ́gi ń fín, wọ́n tiẹ̀ fi àmì funfun kékeré há a lára. Ike yẹn ń tijú. Lọ́dún náà gan-an, Tom Frye, òṣìṣẹ́ Remington, fi ìbọn yìí yin 100,010 ègé igi kéékèèké tí wọ́n ń jù sókè, 6 péré ló sì tàsé. Ìbọn náà tà ju mílíọ̀nù kan lọ kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Kò sí ẹni tó tún lè sọ pé ike ò lè di ìbọn mú. Ohun tó kù ni bóyá ike lè jáde bó ṣe rí. Heckler & Koch ti Jámánì gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún 1970 pẹ̀lú VP70, ìbọn ìléwọ́ àkọ́kọ́ tí férémù (ara ìsàlẹ̀) rẹ̀ jẹ́ ike tó dé ọjà, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ ẹ.

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ náà padà kì í ṣe oníbọn. Gaston Glock ní iléeṣẹ́ kékeré kan ní Deutsch-Wagram, nítòsí Vienna ní Ọ́sítríà, tó ń ṣe ọ̀pá kọ́tìnì, tó sì ń ṣe ọ̀bẹ àti ṣọ́bìrì fún àwọn ọmọ ogun. Ó mọ bí a ṣe ń da ike, ó mọ bí a ṣe ń tẹ irin. Kò mọ bí a ṣe ń ṣe ìbọn, èyí sì wá di àǹfààní fún un, torí kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé ìbọn gbọ́dọ̀ dán. Ní 1980, iléeṣẹ́ ààbò Ọ́sítríà ń wá ohun tí yóò rọ́pò àwọn P38 àtijọ́, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀. Ìbọn náà kò gbọdọ̀ ṣàdédé yìn bó bá já bọ́ láti mítà méjì sórí irin. Nínú 10,000 ọta àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ há ju ogún ìgbà lọ. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pààrọ̀ láàárín ìbọn kan àti òmíràn, láìní fáìlì, láìní àtúnṣe. Wọn ò béèrè dídán, wọn ò béèrè aró. Ohun tí wọ́n béèrè yìí gan-an ló sì pa nọ́ńbà méjì inú Luger: tí ẹ̀yà kan bá gbọ́dọ̀ wọ gbogbo ìbọn, kò lè há gádígádí mọ́ ọ̀kan ṣoṣo. Àlàfo fínnífínní gbọ́dọ̀ wà. Olùrà tó ń rojọ́ nípa àlàfo yẹn ń rojọ́ nípa ohun tí ológun béèrè fún. Lọ́dún 1982 ni wọ́n yan ìbọn Glock, tí wọ́n sọ ọ́ ní P80, 25,000 ni wọ́n sì kọ́kọ́ pàṣẹ. Kó tó pẹ́, ó ti dé Norway, ó ti dé Sweden, iléeṣẹ́ náà sì ti ṣí ẹ̀ka sí Smyrna ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Ariwo ta níbẹ̀ pé ìbọn ike yóò la ẹ̀rọ àyẹ̀wò pápá ọkọ̀ òfuurufú kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí irin ló pọ̀ jù nínú ìwọ̀n rẹ̀.

Níbo wá ni ọwọ́ oníṣẹ́ lọ? Ó lọ sínú móòdù. Móòdù férémù ìbọn jẹ́ ìṣùpọ̀ irin líle méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ti fín inú wọn bí ìbọn náà ṣe máa rí, ní òdìkejì. Wọn a to irin pélébé tí síláìdì, ìyẹn irin òkè, yóò máa gùn sínú rẹ̀, wọn a pa á dé, wọn a sì fi agbára ńlá ti náílọ́ọ̀nù yíyọ́ tí wọ́n po ègé gíláàsì wínníwínní mọ́ wọlé. Bó bá tutù, móòdù á là, ọ̀pá kéékèèké á sì ti férémù náà jáde, ó sì parí. Ẹni tó fín móòdù yẹn jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀ bíi ti adánrin Hartford. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ló ṣe é, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn tí kò ní rí láé. Ibi tí ojú irin méjì ti pàdé ni ìlà abẹ́ ìfàbọn ti wá. Àmì róbótó tó wà nínú férémù, ibi tí ọ̀pá ti tì í jáde nìyẹn. Ibi tó jìn kọ̀tọ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni ike ti nípọn, tó sì sún kì nígbà tó ń tutù. Àwọn àmì wọ̀nyí dà bí ilà tí a kọ sójú ọmọ: ẹni tó mọ̀ ọ́n kà yóò fi mọ ilé tí wọ́n ti bí i. Wọn kì í ṣe ọgbẹ́. Ojú tí irin kọ́ ló ń pè wọ́n ní ọgbẹ́, torí pé lára irin, ìlà tó yọ sókè túmọ̀ sí pé ẹnìkan gbàgbé láti pa á rẹ́.

Ibi tí àṣìkà yìí ti burú jù ni àlàfo iwájú. Lára M1911 tí John Browning ṣe, síláìdì máa ń gùn lórí ojú irin gígùn tí wọ́n gé sára férémù. Bí àlàfo ibẹ̀ bá dọ́gba látòkè délẹ̀, ó jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tó tò wọ́n pọ̀ mọṣẹ́. Bó bá fẹ̀ níbìkan, síláìdì yóò máa mì, ìbọn náà ò sì ní máa bá ibi tí a dojú rẹ̀ kọ déédéé. Nítorí náà, ẹni tó dàgbà pẹ̀lú M1911 ń wo àlàfo yẹn bí oníṣègùn ṣe ń wo ahọ́n aláìsàn. Ṣùgbọ́n nínú Glock àti ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e, etí irin kéékèèké mẹ́rin ni síláìdì ń gùn, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, tí ike gbá mú. Ike tó nà jáde sábẹ́ imú ìbọn kò kan síláìdì níbi kankan. Ó lè tẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀ nígbà tó ń tutù, ó lè jìnnà sí irin ju ẹ̀yìn lọ, síláìdì ò sì ní mọ̀. Àfi bó bá tẹ̀ débi tó fi ń ha irin lára, kò sí ohun tí àlàfo yẹn ń sọ nípa bí ìbọn náà yóò ṣe yìn. Ó kàn jọ ohun tó máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà yí padà, ó sì yí padà jù bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀. Lára irin tí wọ́n rẹ láró, àwọ̀ náà ni ààbò. Bí àpò awọ bá ti ha á kúrò ní etí ìbọn, irin òbòrò ló kù, òógùn ọwọ́ lásán á sì mú un dípẹtà. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń banú jẹ́ bí wọ́n bá rí ibi tó ti ń funfun. Síláìdì Glock gba ọ̀nà mìíràn: fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n kọ́kọ́ ń rì í sínú iyọ̀ gbígbóná tó ń ti náítírójìn àti kábọ́ọ̀nù wọ ara irin, tí ojú irin fi le gan-an. Ìyẹn ni ààbò. Dúdú tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà, tó bá sì ṣá, ohun tó ń dènà ìpẹtà ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá rí ibi tó ṣá lórí ìbọn tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, tó wá sọ pé ojú irin ti bàjẹ́, ń ka ìwé ìbọn aró lórí ìbọn tí wọn ò rẹ láró.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí kò náání ohun tí gbogbo ayé lè rí kò ní náání ohun tó wà nínú. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, mi ò sì lè fi P38 nìkan fọ́ ọ, torí ogun ba ohun púpọ̀ jẹ́ yàtọ̀ sí dídán, àti pé ẹrú ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Jámánì nígbà yẹn. Ìdáhùn mi ni pé àìnáání ohun kan yàtọ̀ sí yíyan ibi tí a ó fi agbára sí. Glock kò fọwọ́ sí ìlà abẹ́ ìfàbọn, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí líle ojú irin, tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú lásán rí. Tí a bá ń wá àìnáání, àwọn àmì kan wà tí wọn kì í purọ́: ojú ìfojúsùn tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ike tó sán níbi tó di irin mú, ìpẹtà nínú ìbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú páálí rẹ̀, egbò níbi tí ọta ti ń jáde lẹ́nu ọ̀pá. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà, olùrà tó bá rí wọn ní ẹ̀tọ́ láti dá ìbọn náà padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tí kò tọ́ ni kí a kó wọn pọ̀ mọ́ ìlà móòdù, torí bí olùrà bá ń dá gbogbo nǹkan padà, àwọn tó ń gba ẹ̀sùn kò ní mọ èyí tó yẹ kí wọ́n sáré sí.

Èyí tó tún wúwo ju ìyẹn lọ ni ti owó. Wọ́n ní: ẹ ti sọ fún wa pé wákàtí adánrin ló mú ìbọn wọ́n, ẹ ti wá yọ adánrin kúrò, níbo ni owó rẹ̀ wà? Mo gbà pẹ̀lú wọn. Dídà férémù kan lẹ́yìn tí móòdù ti wà kò ná ilé iṣẹ́ ní ohun tó pọ̀, olùrà kò sì rí gbogbo èrè yẹn gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí òfin kan tó ní ìlà móòdù gbọ́dọ̀ yọ sókè. Wọ́n lè gbé ojú ìpàdé móòdù lọ síbi tí ọwọ́ kò ní kàn án, wọ́n lè fi ẹ̀rọ fá a lẹ́yìn tó bá jáde, wọ́n lè tètè pààrọ̀ móòdù tí etí rẹ̀ ti ń jẹ kí ike má baà máa yọ jáde ní kọ̀rọ̀. Heckler & Koch pẹ̀lú USP rẹ̀ ní 1993, Walther pẹ̀lú P99 tó tẹ̀ lé e, fi hàn pé ike lè bá ọwọ́ lára mu, pé a lè ro ìrísí rẹ̀ bí agbẹ́gilére ṣe ń ro ti igi. Nítorí náà, ìlà tó ń gé ọwọ́ lónìí, ẹnìkan ló pinnu pé kó wà níbẹ̀, kó má baà náwó sí i. Olùrà tó bá bínú sí ìpinnu yẹn kò jẹ̀bi. Kó sáà mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ lórí owó ni, kó má sọ pé ìbọn náà kò ní yìn.

Ó sì jọ pé àwọn tó ń ṣe é ti gbọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà dáhùn kò jọ èyí tí ẹnikẹ́ni béèrè. Nígbà tí SIG Sauer gbé P320 jáde lọ́dún 2014, wọ́n yọ gbogbo ohun tó ń mú ìbọn yìn kúrò lára ike, wọ́n kó o sínú àpótí irin kékeré kan tó ṣeé yọ síta bí ẹ̀dọ̀ ẹran. Orí àpótí yẹn ni nọ́ńbà wà, òun sì ni òfin Amẹ́ríkà ń pè ní ìbọn. Ike tí ọwọ́ ń dì mú ti di ẹ̀wù. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀ lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, kékeré, ńlá, dúdú, aláwọ̀ yanrìn, láìní nọ́ńbà, láìní ìwé. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà yan irú ìbọn náà, wọ́n sì pè é ní M17. Ẹni tí ìlà abẹ́ ike rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè bọ́ ọ kúrò, kó wọ òmíràn fún un. Ihò kékeré kan wà tí wọ́n dá sí ẹ̀gbẹ́ ike náà, ibẹ̀ ni nọ́ńbà irin inú ti ń yọjú síta.